Kọ́kọ́rọ́ Inú Àpò Òkú

Kò sí ihò kọ́kọ́rọ́ lára ọkọ̀ náà.

Ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ tí gbogbo àgọ́ ọlọ́pàá ń pè ní Má-Tíì-Sọ jókòó sórí àga awakọ̀ nínú ọgbà mẹkáníìkì kan, ilẹ̀kùn ọkọ̀ náà sì ti wà ní ṣíṣí láti ọjọ́ mélòó kan. Ó fi ọwọ́ wá abẹ́ sítíárìn, ó wá ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó wá àárín. Bọ́tìnnì kan ṣoṣo ló rí, roboto bí ìdérí ìgò.

"Ibo ni wọ́n ń ki kọ́kọ́rọ́ sí?" ló béèrè.

Ọkùnrin tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn bú sẹ́rìn-ín. Mẹkáníìkì lòun náà, òdìkejì títì ni ọgbà tirẹ̀ wà. Kọ̀ǹpútà ni wọ́n ń pè é, nítorí kì í fọwọ́ kan ọkọ̀ láìkọ́kọ́ so kọ̀ǹpútà mọ́ ọn, ì báà ṣe táyà ló jò.

"Ọ̀gá, ẹ ti pẹ́ láyé o. Ta ló tún ń yí kọ́kọ́rọ́? Ẹ fi ẹsẹ̀ tẹ búrèkì, ẹ fi ìka tẹ bọ́tìnnì, ó parí."

Má-Tíì-Sọ kò rẹ́rìn-ín. Ọkùnrin kan wà ní àtìmọ́lé tó ti jẹ́wọ́ pé òun yí kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ yìí, òun tan án, òun sì fi pa ẹ̀gbọ́n òun.

Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe jẹ́ nìyí. Tẹ̀gbọ́n-tàbúrò ló ni ọgbà mẹkáníìkì náà, ọmọ ìyá kan, ọmọ bàbá kan. Ẹ̀gbọ́n ń tún ẹ́ńjìnnì àti abẹ́ ọkọ̀ ṣe. Jíìpù olówó ńlá ló yàn láàyò, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè é ní Ọ̀gá Jíìpù. Àbúrò ń na ara ọkọ̀ tó bá tẹ̀ wọnú, ó sì ń fín ọ̀dà sí i. Páànù ni wọ́n ń pè é.

Jíìpù funfun kan wọ ọgbà wá. Kò ní sípíríǹgì bíi ti àwọn ọkọ̀ yòókù. Rọ́bà mẹ́rin tí afẹ́fẹ́ kún inú wọn ló gbé e dúró, wọ́n lè gbé e sókè, wọ́n sì lè sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Ọ̀kan nínú rọ́bà náà jò. Bí ilẹ̀ bá ti mọ́, igun kan ọkọ̀ náà á ti rọlẹ̀ bí ẹni tí àárẹ̀ mú. Ọ̀gá Jíìpù pààrọ̀ rọ́bà, ó dá táyà padà, ó yọ jáàkì kúrò. Ó gbé ọkọ̀ sókè dé góńgó, ó pa ẹ́ńjìnnì, ó sì wọ abẹ́ rẹ̀ lọ láti fi omi ọṣẹ wò ó bóyá afẹ́fẹ́ ṣì ń yọ. Abẹ́ ibẹ̀ ni wọ́n ti bá òkú rẹ̀. Ọkọ̀ ti tẹ àyà rẹ̀ mọ́lẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ wà nínú àpò rẹ̀.

Lọ́jọ́ tó ṣáájú, gbogbo títì ló gbọ́ nígbà tí Páànù pariwo mọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pé, "Ẹ fi àwọn ọkọ̀ tuntun yìí sílẹ̀! Ọ̀kan nínú wọn ló máa pa yín!"

"Rọ́bà tuntun náà ńkọ́?" Má-Tíì-Sọ béèrè. "Ṣé kò lè jẹ́ pé ó jò lójijì?"

"Kọ̀ǹpútà mi ò rí àléébù kankan."

"Mi ò bi kọ̀ǹpútà. Ìwọ ni mò ń bi."

Ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ ti mọ ìdáhùn. Lẹ́yìn tí wọ́n gbé òkú kúrò, ó ní kí wọ́n gbé ọkọ̀ náà sókè padà. Ó da omi ọṣẹ sí rọ́bà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kò hó. Ó gé igi kan, ó fi wọn gíga ọkọ̀ láti ilẹ̀ dé etí táyà kọ̀ọ̀kan, ó sì lọ sùn. Nígbà tó dé láàárọ̀, igi náà ṣì bá igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin mu rẹ́gí. Ọkọ̀ tó ń jò kì í sùn kó jí bákan náà.

"Iṣẹ́ rẹ̀ mọ́," ni Kọ̀ǹpútà wí. Ẹ̀rín ti kúrò lẹ́nu rẹ̀. "Mo máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé ojú àlá ló ti kọ́ iṣẹ́. Iṣẹ́ rẹ̀ mọ́."

"Nígbà náà, ọkọ̀ yìí kò ṣàìsàn. Ẹnìkan ló sọ̀ ọ́ kalẹ̀."

"Pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ wo? Àpò òkú ni kọ́kọ́rọ́ wà. Òfin wa nìyẹn, ọ̀gá, kò sí mẹkáníìkì àdúgbò yìí tí kò mọ̀ ọ́n. Ẹni tó bá ń wọ abẹ́ ọkọ̀, á mú kọ́kọ́rọ́ dání, kí ẹnikẹ́ni má baà tan ọkọ̀ lé e lórí. Ọ̀gá tó kọ́ gbogbo wa níṣẹ́ ló fi lélẹ̀. Ẹni tó bá gbàgbé, ìfọ́tí ni."

"Irú ọkọ̀ wo ni ọ̀gá yín fi kọ́ yín?"

"Àwọn ọkọ̀ ìgbà yẹn. Àwọn tó ní ihò…" Kọ̀ǹpútà wo jíìpù, ó wo ilẹ̀. "Ọ̀gá, àfi bí…"

"Má tíì sọ."

Ọ̀rọ̀ tó sọ ọ́ lórúkọ nìyẹn. Ó ní bí ènìyàn bá ti sọ èrò rẹ̀ fún òun, ojú òun kì í rí nǹkan mìíràn mọ́. Ó ti fi bẹ́ẹ̀ yanjú ọ̀pọ̀ ọ̀ràn. Lọ́jọ́ yẹn, ó fi pàdánù odindi ọ̀sán kan.

*

Ìyá àwọn méjèèjì wà lórí bẹ́ǹṣì níwájú àgọ́ ọlọ́pàá. Láti ìgbà tí wọ́n ti sin ẹ̀gbọ́n, ibẹ̀ ló ń jí sí. Òjò rọ̀ sí i lára, kò dìde. Ó ti rẹ àwọn ọlọ́pàá láti máa lé e.

"Ọmọ mi," ló wí fún Má-Tíì-Sọ, "mo ti fún ilẹ̀ ní ọ̀kan. Ẹ fún mi ní ìkejì."

"Mo ń bá a bọ̀, Ìyá."

"Páànù ò lè pa eṣinṣin. Ẹ bá mi wá ẹni tó ṣe é. Bí mo bá ti rí ojú rẹ̀, ó tó mi."

Nínú ilé, Ọ̀gá Àgbà ń wo aago ara ògiri.

"Ọ̀la la ń gbé e lọ sílé ẹjọ́. Ó sọ pé ọkọ̀ á pa ẹ̀gbọ́n òun, ọkọ̀ pa á, ó sì jẹ́wọ́. Kí lo tún ń wá, Má-Tíì-Sọ? Ṣé o fẹ́ kó fi orin kọ ọ́ ni?"

"Ó ní òun yí kọ́kọ́rọ́. Ọkọ̀ yẹn kò ní ibi tí wọ́n ń ki kọ́kọ́rọ́ sí."

"Ìbẹ̀rù a máa mú ènìyàn ṣi ọ̀rọ̀ sọ."

"Ẹni tí ẹ̀rù ń bà máa ń sá fún ẹ̀wọ̀n, ọ̀gá. Èyí ń sáré lọ bá a."

Ọ̀gá Àgbà mí kanlẹ̀. "O ní títí di àárọ̀ ọ̀la. Bí o ò bá rí nǹkan kan, ẹ̀wọ̀n gbére ló ń lọ. Má sì jẹ́ kí ìyá yẹn kú sórí bẹ́ǹṣì wa."

*

Ẹni tó ni jíìpù ń ta sìmẹ́ǹtì. Eruku sìmẹ́ǹtì bo tábìlì rẹ̀, ó bo ìpéǹpéjú rẹ̀, ó bo tẹlifóònù.

"Kọ́kọ́rọ́ kejì dà?"

Onísìmẹ́ǹtì fa àpótí tábìlì, ó jù ú sílẹ̀. "Bátìrì inú rẹ̀ ti kú láti ọjọ́ pípẹ́. Ẹ mú un lọ, ẹ fi dán an wò. Bó bá ṣí ọkọ̀ yẹn, ẹ mú mi."

"Wọ́n ní o bá olóògbé jà."

"Mo bínú ni. Ta ni kò ní bínú? Ọkọ̀ tó wọ́n tó ilé, tó sì ń ṣàìsàn bí arúgbó! Lónìí ẹ́ńjìnnì á gbóná. Lọ́la omi òjò á gba òrùlé wọlé, á kún abẹ́ àga. Lọ́tùn-unla bátìrì á kú láìṣe nǹkan kan. Ọ̀gá Jíìpù nìkan ló ń rí ojútùú rẹ̀. Kí ni mo máa pa á fún? Ta ni màá gbé e lọ bá báyìí?"

"O ò ṣe tà á?"

"Bàbá mi ò gbà. Orúnkún ń dùn wọ́n, wọn ò lè gun ọkọ̀ gíga. Wọ́n ní èyí nìkan ni kì í fìyà jẹ àwọn."

Ó yẹ kí Má-Tíì-Sọ béèrè ìdí rẹ̀. Kò béèrè. Kọ́kọ́rọ́ kejì ló gbà á lọ́kàn. Ó gbé e dé ọgbà, ó dúró ti jíìpù, ó tẹ̀ ẹ́ títí ìka fi ń dùn ún. Jíìpù kò dá a lóhùn. Àwọn tó ń já sìmẹ́ǹtì náà sì jẹ́rìí pé ọ̀gá àwọn kò kúrò níwájú àwọn lọ́jọ́ náà. Ọ̀nà yẹn dí.

*

Ọ̀dà funfun ṣì wà ní ìdí irun Páànù nígbà tí wọ́n mú un jáde. Kò jẹun. Kò bẹ̀bẹ̀.

"Ọwọ́ wo lo fi yí kọ́kọ́rọ́?"

"Ọwọ́ ọ̀tún."

"Lẹ́yìn ìyẹn?"

"Mo tẹ nǹkan kan. Ó sọ̀ kalẹ̀."

"Kí lo tẹ̀?"

Páànù bẹ̀rẹ̀ sí í họ ọ̀dà kúrò nínú irun rẹ̀.

"Lẹ́yìn tí o pa á, o wá fa kọ́kọ́rọ́ yọ, o na ọwọ́ sábẹ́ ọkọ̀ tó ti tẹ ènìyàn mọ́lẹ̀, o sì fi í sí àpò rẹ̀?"

"Ọ̀gá, mo ti ní èmi ni. Kí lẹ tún fẹ́? Àbí ẹ̀wọ̀n ti kún ni?"

"Ta ló kọ́kọ́ figbe ta tí gbogbo títì fi sáré wá?"

"Èmi náà ni."

"Apànìyàn tó ń ké sí ayé kí wọ́n wá wo iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Mi ò tíì rí irú ẹ̀ rí." Má-Tíì-Sọ fa àga sún mọ́ ọn. "Ta lò ń bò?"

Ojú Páànù fò lọ sí fèrèsé, ó sì tètè padà, bí ẹni tó fọwọ́ kan irin gbígbóná.

Má-Tíì-Sọ dìde, ó lọ wo ohun tí fèrèsé náà ń wò. Títì kan. Igi kan. Bẹ́ǹṣì kan, ìyá arúgbó sì jókòó lé e.

Ènìyàn kì í fi ara rẹ̀ sẹ́wọ̀n nítorí ọ̀rẹ́. Ó sì ṣòro kó ṣe é nítorí ìyàwó. Mélòó ló kù láyé tí ọkùnrin lè torí rẹ̀ pe ara rẹ̀ ní apànìyàn?

Nígbà tó yíjú padà, Páànù ti dìde.

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ má lọ bá màmá mi. Mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, ẹ má bi wọ́n ní nǹkan kan."

*

Láti ìbẹ̀rẹ̀, kò sí ẹni tó bi ìyá náà ní ìbéèrè kankan. Ìyá òkú ni. "Ẹ kú àràfẹ́rakù" nìkan ni wọ́n ń kí i.

Má-Tíì-Sọ jókòó tì í lórí bẹ́ǹṣì.

"Ìyá, ṣé ẹ dé ọgbà lọ́jọ́ yẹn?"

"Mo dé bẹ̀. Èmi náà ni mò ń gbé oúnjẹ ọ̀sán lọ fún wọn. Wọ́n ti dàgbà, wọ́n ní kí n jókòó sílé. Ta ló máa jókòó sílé?"

"Ta lẹ bá níbẹ̀?"

"Páànù. Ó kọ ẹ̀yìn sí mi, ó ń fín ọ̀dà. Ẹ̀rọ rẹ̀ ń ké bí ẹni pé ilé ń wó, kò gbọ́ tèmi. Mo pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀, n ò gbọ́ ìdáhùn. Mo ní bóyá ó ti lọ ra nǹkan. Ọ̀dà ń fò káàkiri bí ìrì. Mo ní kó má bà lé oúnjẹ ọmọ mi lórí. Mo bá gbé e sínú jíìpù funfun yẹn."

Má-Tíì-Sọ rọra béèrè. "Ilẹ̀kùn rẹ̀ kò tì?"

"Ó ṣí wẹ́rẹ́. Ọmọ mi, ọkọ̀ yẹn jọ mí lójú. Ó ga, mo ń rò ó bí mo ṣe máa na ọwọ́ dórí àga. Bí mo ṣe ṣí ilẹ̀kùn báyìí, ni ọkọ̀ bá kúnlẹ̀ fún mi." Ó fi ọwọ́ ṣe é, ó rọra sọ̀ ọ́ kalẹ̀. "Ó kúnlẹ̀ wọ̀ọ̀! Ẹ̀rín pa mí. Mo ní, ẹ ò rí ọkọ̀, ó ní ẹ̀kọ́ ilé ju àwọn ọmọ ìsinsìnyí lọ. Mo tiẹ̀ dá a lóhùn, mo ní, 'O káre, wàá dàgbà, wàá darúgbó.'"

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. Láti ọjọ́ ìsìnkú, àwọn tó wà lágọ̀ọ́ kò tíì rí eyín rẹ̀.

"Mo ní bí ọmọ mi bá délé lálẹ́, màá sọ ọ́ fún un. Mo mọ̀ pé á rẹ́rìn-ín."

Má-Tíì-Sọ dìde lórí bẹ́ǹṣì, ó forí lé ọgbà.

*

"Ó yá, sọ ọ́," ló wí fún Kọ̀ǹpútà ní ọgbà.

"Ohun tí mo fẹ́ sọ láàárọ̀ ni, ọ̀gá. Ọkọ̀ yìí kò nílò kí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ wọ̀ ọ́. Bí kọ́kọ́rọ́ bá ti wà nítòsí, ó ti gbà pé olówó òun dé nìyẹn. Ó máa ṣí fún ẹnikẹ́ni. Wọ́n sì ti ṣètò rẹ̀ pé bí ilẹ̀kùn bá ti ṣí, kó sọ̀ kalẹ̀ kí ẹni tó ń wọlé má baà gun òkè."

"Nítorí bàbá onísìmẹ́ǹtì."

"Nítorí orúnkún bàbá rẹ̀. Ká ní Ọ̀gá Jíìpù gbé kọ́kọ́rọ́ sílé ni, ilẹ̀kùn ì bá má ṣí rárá. Òfin tó ń dáàbò bò wá lábẹ́ ọkọ̀ àtijọ́, òun ló…" Ó fọwọ́ kan àpò rẹ̀. "Ọ̀gá, èmi náà máa ń fi í sápò. Títí di àárọ̀ òní."

Má-Tíì-Sọ pa ilẹ̀kùn jíìpù dé, ó mú agolo ọ̀dà tó ti tán, ó gbé e sábẹ́ jíìpù níbi tí òkú wà. Ó fi kọ́kọ́rọ́ olóògbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó fi ọwọ́ òfìfo ṣí ilẹ̀kùn.

Jíìpù náà mí, ó sì kúnlẹ̀. Kò yára. Ó wà pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Lábẹ́ rẹ̀, agolo ké kín-ín, ó sì tẹ́ pẹrẹsẹ.

*

Ọ̀gá Àgbà gbọ́ ọ tán, ó bọ́ awò ojú rẹ̀. "Òfin kò ní nǹkan kan bá ìyá tó ṣí ilẹ̀kùn. Tú ọmọ rẹ̀ sílẹ̀." Lẹ́yìn náà, ó ní, "Ṣé ìyá náà mọ̀?"

"Kò mọ̀."

"Ta ló máa sọ fún un?"

Má-Tíì-Sọ mú kọ́kọ́rọ́ àtìmọ́lé lórí tábìlì.

Páànù kọ̀, kò jáde nínú àtìmọ́lé. Ó di irin ilẹ̀kùn mú.

"Mo rí màmá mi bí wọ́n ṣe ń lọ. Wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Mo wo jíìpù, mo rí i pé ó ti kúrú, mo rí oúnjẹ tí wọ́n gbé sórí àga rẹ̀, mo rí ẹsẹ̀ ẹ̀gbọ́n mi. Mo gbé oúnjẹ náà pamọ́. Ẹ̀gbọ́n mi á ti ké, ọ̀gá. Wọ́n á ti pè mí. Ariwo ẹ̀rọ mi ni kò jẹ́ kí n gbọ́. Ẹ̀yin ẹ kọ ọ́ pé èmi ni."

"Bí o bá lọ sẹ́wọ̀n, ìyá rẹ á gbà pé ọmọ òun ló pa ọmọ òun."

"Ìyẹn sàn. Wọ́n á fi mí bú, ìbínú á sì mú wọn wà láàyè. Ẹni wo ni wọ́n fẹ́ bínú sí báyìí?"

"Kò fẹ́ bínú sí ẹnikẹ́ni. Ọmọ kan tó ṣẹ́kù ló ń wá lórí bẹ́ǹṣì yẹn."

"Tí mo bá jáde, wọ́n á bi mí. Mi ò mọ irọ́ pa fún wọn."

"Mo ti rí i bẹ́ẹ̀," ni Má-Tíì-Sọ wí. Ó ṣí irin. "Ó yá."

Ìyá rí wọn lókèèrè. Ó sáré, bí arúgbó ṣe ń sáré. Ó gbá ọmọ rẹ̀ mú, ó fọwọ́ pa á lórí, ó fọwọ́ pa á léjìká, ó ń pe oríkì rẹ̀. Páànù dúró gbagidi, ó ń wo òkè orí ìyá rẹ̀, omi ń dà lójú rẹ̀ wẹ̀rẹ̀wẹ̀rẹ̀.

"Ẹ ṣeun, ọmọ mi, ẹ ṣeun. Mo wí fún yín! Ta wá ni? Ta ló ṣe é?"

"Kò sí ẹni tó ṣe é, Ìyá," Má-Tíì-Sọ wí. "Ọkọ̀ náà ló sọ̀ kalẹ̀."

"Ọkọ̀ a máa ṣàdédé sọ̀ kalẹ̀? Kí ló mú un sọ̀ kalẹ̀?"

Ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ wo títì. Ìyá yíjú sí ọmọ rẹ̀.

"Páànù. Kí ló mú un sọ̀ kalẹ̀?"

Ìyá wo ọ̀kan, ó wo èkejì. Àgbàlagbà ni, ó ti pẹ́ tó ti ń ka ojú ènìyàn.

"Nígbà tó kúnlẹ̀…" ló wí.

Ó rọra gbé ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀, èyí tó fi ṣí ilẹ̀kùn ọkọ̀, kúrò léjìká ọmọ rẹ̀, ó wò ó bí ẹni tó ń wo ọwọ́ ẹlòmíràn, ó sì tì í bọ inú ìró rẹ̀, ó fi í pamọ́.